Ṣé fíìmù mi jóná ni, àbí àwọn mólékù rẹ̀ ló tún ara wọn tò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì fún oyè másítà. Mo fi ooru sọ àwọ̀ búlúù kan, copper phthalocyanine, ìyẹn CuPc, di èéfín nínú fákúọ̀mù, mo sì jẹ́ kó bà sórí gíláàsì títí ó fi nípọn tó nǹkan bíi 100 nm (nm kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà kan). Nígbà tí mo gbé e sínú ẹ̀rọ UV-Vis, tó ń wọn bó ṣe ń gba ìgbì ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó, góńgó méjì ló yọ, 620 nm àti 695 nm, ti 620 ló sì ga jù. Mo fi ooru yan fíìmù mìíràn tó jọ ọ́ ní 300 °C fún wákàtí kan. Góńgó tirẹ̀ di 645 àti 720 nm, búlúù rẹ̀ sì ń fẹ́ di aláwọ̀ ewé díẹ̀. Ìwé sọ pé bí wọ́n bá yọ́ ọ sínú oògùn olómi, 678 nm ni góńgó rẹ̀. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi ní àfàìmọ̀ kí n má ti jó o. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni nǹkan kan ṣoṣo ṣe ń ní àwọ̀ mẹ́ta?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ kò jó o. Nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́ gan-an ló ń gbèjà yín. 620 àti 695 nm ni a fi ń dá CuPc mọ̀ nígbà tó bá wà ní irú kírísítà tí wọ́n ń pè ní α; 645 àti 720 nm ni ti β. Mólékù kan náà ló wà nínú méjèèjì, kò sí átọ́ọ̀mù tó kúrò, kò sì sí èyí tó wọlé. Ohun tí ooru 300 °C ṣe ni pé ó fún àwọn mólékù láyè láti tún ara wọn tò. Ká ní ó jóná ni, góńgó ì bá rọlẹ̀ ni, àwọ̀ ì bá sì ṣá. Kì í ṣe kí góńgó tuntun méjì yọ síbi tí gbogbo ayé mọ̀ mọ β.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí mólékù tó dá wà. CuPc pẹlẹbẹ, ó ní igun mẹ́rin, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi 1.3 nm, átọ́ọ̀mù bàbà kan sì jókòó sí àárín rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ pupa bá dé bá a, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ á máa mì síwá sẹ́yìn lójú ọ̀nà kan pàtó. Ọ̀nà yẹn la máa ń ya bí ọfà, tí à ń pè ní dáípólù. Ọfà méjì ni CuPc ní. Wọ́n dábùú ara wọn ní 90°, àwọn méjèèjì wà lórí pẹrẹsẹ mólékù náà, kò sí èyí tó yọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Agbára kan náà ni wọ́n ń béèrè, nítorí náà góńgó ńlá kan ṣoṣo lẹ máa rí nínú oògùn olómi, ní 678 nm, tí kékeré kan á tẹ̀lé e lápá búlúù nítorí ìgbọ̀nrìrì mólékù fúnra rẹ̀.

Nínú kírísítà, kò sí mólékù tó dá wà mọ́. Wọ́n tò léra bí àwo pẹrẹsẹ nílé ìnáwó, nǹkan bíi 0.34 nm ló sì wà láàárín ojú ọ̀kan àti èkejì. Àmọ́ òpó náà kì í dúró ṣánṣán: mólékù kọ̀ọ̀kan yẹ̀ kúrò díẹ̀ lórí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe yẹ̀ tó ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá mi ọfà mólékù kan, aládùúgbò rẹ̀ á gbọ́ ọ lára. Bí àwọn ọfà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n kọjú sí ibì kan náà, orí á máa ti orí, ìdí á máa ti ìdí. Agbára tí ìmọ́lẹ̀ ní láti mú wá á pọ̀ sí i, góńgó á sì sún sí apá búlúù. Ìtòpọ̀ H nìyẹn. Bí wọ́n bá tò tẹ̀lé ara wọn, tí orí ọ̀kan kọjú sí ìdí èkejì, ṣe ni wọ́n ń fa ara wọn. Agbára á dínkù, góńgó á sún sí apá pupa, á sì máa ṣe ṣóńṣó. Ìtòpọ̀ J nìyẹn, èyí tí Jelley àti Scheibe kọ́kọ́ ṣàkíyèsí lára àwọn àwọ̀ cyanine ní nǹkan bí ọdún 1936. Kasha àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi ìṣirò kan ṣoṣo ṣàlàyé méjèèjì ní àwọn ọdún 1960:

J ∝ (1 − 3cos²θ) / r³

J inú ìṣirò yìí kì í ṣe orúkọ ìtòpọ̀; òun ni bí ọfà méjì ṣe ń ti ara wọn tàbí fa ara wọn tó. Lẹ́tà r ni ìjìnnà láti àárín mólékù kan dé àárín èkejì. Lẹ́tà θ ni igun tó wà láàárín ọfà àti ìlà tó so àárín méjèèjì pọ̀. Nígbà tí θ bá jẹ́ 54.7°, gbogbo rẹ̀ di òdo. Bí igun bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, H ni. Bí kò bá tó o, J ni.

Ẹ wá gbé e lé CuPc lórí. Ní α, òpó fì sí ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bíi 26°, àárín sí àárín sì jẹ́ 0.38 nm. Ní β, ó fì dé bíi 46°, àárín sí àárín di 0.48 nm. Nítorí pé agbára kan náà ni ọfà méjèèjì ní, ẹ lè yí wọn lórí pẹrẹsẹ mólékù títí ọ̀kan yóò fi tẹ̀lé ọ̀nà tí òpó ń gbà yẹ̀, tí èkejì á sì dábùú rẹ̀. Èyí tó dábùú kì í mọ̀ pé òpó fì: θ tirẹ̀ jẹ́ 90° ní α, 90° náà ló jẹ́ ní β. Àmọ́ r ti gùn sí i, r³ sì ti di ìlọ́po méjì, nítorí náà ìtì tó ń tì í sí apá búlúù di ìdajì. Ẹ ti rí ìdí tí 620 fi padà sẹ́yìn dé 645. Ní ti ọfà kejì, θ rẹ̀ jẹ́ 64° ní α, 44° ní β. Ó ti ré 54.7° kọjá! Ibi tí wọ́n ti ń tì í díẹ̀ sí búlúù tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń fà á sí pupa, ni 695 bá di 720.

Kí ẹ má ṣe kó nọ́ńbà tí ìṣirò yìí bá bí sínú tíísísì o. Ọ̀nà tí góńgó máa gbà ni ẹ lè fi í mọ̀, kì í ṣe iye tó máa fi sún. Ìṣirò náà ka mólékù sí ẹ̀kán kékeré tó jìnnà sí ẹ̀kán mìíràn, bẹ́ẹ̀ mólékù yín fẹ̀ tó 1.3 nm, aládùúgbò rẹ̀ sì wà ní 0.38 nm péré. Ẹni tó bá fẹ́ iye gidi ní láti pín ọfà náà sórí àwọn átọ́ọ̀mù, kó wá ṣírò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún sún mọ́ra débi pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè fò láti ara ọ̀kan sí èkejì, èyí náà sì ń da ọwọ́ tirẹ̀ sínú ọbẹ̀. Ohun kẹta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbàgbé: kí ìtòpọ̀ tó sọ tirẹ̀, wíwà nínú kírísítà lásán, láàárín èrò tó yí mólékù ká, máa ń fa gbogbo góńgó sí apá pupa. Ìdí nìyẹn tí 695 nm ti α fi pupa ju 678 lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò ní búlúù ló yẹ kó lọ. Ẹni tó bá rí 695 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 678 tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ìtòpọ̀ J" ti kù gììrì kọ ọ́. α ni kí ẹ fi wé β.

Ẹ sì máa fi eV (electron-volt) kọ ìsúnsí, torí nm kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára. 620 jẹ́ 2.00 eV, 695 jẹ́ 1.78, 645 jẹ́ 1.92, 720 jẹ́ 1.72, 678 sì jẹ́ 1.83. Ẹ pín 1240 pẹ̀lú nm, ó parí.

Ní báyìí, ẹ̀rí tí ẹ máa gbé síwájú ọ̀gá yín. Èyí tó lágbára jù kò gba ẹ̀rọ ńlá kankan: ẹ da fíìmù méjèèjì padà sí mólékù tó dá wà. Ẹ fi bíléèdì ha fíìmù α kúrò lórí gíláàsì sínú bíkà kan, ẹ ha ti β sínú òmíràn. Fíìmù 2.5 cm × 2.5 cm tó nípọn ní 100 nm kò ju 0.1 mg lọ, ìyẹn ni pé ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan tí ẹ ha. Ẹ da 50 mL 1-chloronaphthalene lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e lórí iná ní nǹkan bíi 100 °C lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, ẹ máa rò ó títí kò fi sí èérún mọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí góńgó méjèèjì bá bọ́ sí 678 nm, tí wọ́n sì rí bákan náà, ẹjọ́ ti parí, mólékù kò fara pa. Bí èyí tí ẹ yan bá bọ́ sí 678 àmọ́ tó kúrú ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kí apá kan ti fò lọ nígbà tí ẹ ń yan án, torí CuPc máa ń di èéfín nínú fákúọ̀mù, ó sì lè ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní 300 °C. Fíìmù ti tín sí i nìyẹn. Ìyẹn kì í ṣe jíjóná.

Ohun méjì ló máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ife oníke tí a ń gbé omi náà sí nínú ẹ̀rọ UV-Vis: chloronaphthalene á yọ́ ọ, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ẹ ó sì máa rò pé fíìmù ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ti gíláàsì tàbí ti quartz ni kí ẹ lò. Èkejì ni sulphuric acid. Nítorí pé ó ń yọ́ CuPc kíákíá, àwọn kan máa ń sáré lọ bá a. Ṣùgbọ́n ásíìdì náà á lẹ haidirójìn mọ́ náítírójìn mólékù lára, góńgó á sì fò lọ sí nǹkan bíi 790 nm. Mólékù mìíràn nìyẹn. Ẹ lè lò ó láti fi fíìmù kan wé èkejì, ẹ ò gbọdọ̀ fi í wé nọ́ńbà fíìmù rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni XRD, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X wo bí mólékù ṣe tò nínú kírísítà. Pẹ̀lú ìtànṣán Cu Kα, α máa ń gbé orí sókè ní 2θ = 6.8° (igun ẹ̀rọ nìyí, kì í ṣe θ ti òkè), β ní 7.0° àti 9.2°. Ẹ ṣọ́ra fún 6.8 àti 7.0 yìí, wọ́n ti sún mọ́ra jù. Bí gíláàsì yín bá ga tàbí rẹlẹ̀ ní 0.3 mm péré nínú ẹ̀rọ, orí ìlà lè sún ní nǹkan bíi 0.17°, á sì sọ α di β lórí ìwé. 9.2° ló yẹ kí ẹ gbọ́kàn lé. Bí fíìmù bá kọjú sí ibì kan ṣoṣo débi pé 9.2° kò yọ, ẹ lọ sọ́dọ̀ FTIR, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared wo ìgbọ̀nrìrì mólékù: α ní ìlà ní 722 cm⁻¹, β ní nǹkan bíi 730; 770 ti α sì ń di 780 ní β. Gíláàsì kò ní jẹ́ kí ẹ rí wọn, nítorí náà ẹ fi ègé sílíkọ́ọ̀nù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì nígbà tí ẹ bá ń da fíìmù. Bí ẹ bá sì fẹ́ ha β pọ̀ mọ́ iyọ̀ KBr fún FTIR, ẹ má lọ̀ ọ́ kíkankíkan. Ọlọ àti ọmọ ọlọ nìkan tó láti dá díẹ̀ nínú β padà sí α.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí gíga góńgó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tíísísì ti ń ṣì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka gíga góńgó sí ìwọ̀n bí fíìmù ṣe nípọn tó. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ní ṣánṣán kò lè mi ọfà tó dúró ṣánṣán. Ọfà tó dùbúlẹ̀ nìkan ló lè mì. Lórí gíláàsì, CuPc máa ń fẹ́ dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ọ̀kan nínú ọfà méjèèjì kọjú sókè, ìmọ́lẹ̀ kò sì rí i. Lórí graphite tàbí copper iodide, mólékù máa ń dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ, ọfà méjèèjì á sì ṣiṣẹ́. Mólékù kan náà, ìnípọn kan náà, bí ẹ bá fi èyí tó dúró pátápátá wé èyí tó dùbúlẹ̀ pátápátá, gíga góńgó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i: ẹ fi polaráísà (tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ mì lójú ọ̀nà kan ṣoṣo) sójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, ẹ wọn fíìmù ní ṣánṣán, kí ẹ wá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 45°, kí ìmọ́lẹ̀ mì lórí pẹrẹsẹ tó kó òun àti ìlà ṣánṣán fíìmù pọ̀. Góńgó tó bá ga sí i ju bí ọ̀nà tó gùn sí i ṣe yẹ kó fà lọ, ọfà tó dúró ló ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà ìnípọn gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá. Ní Ifẹ̀ ńkọ́, oríire yín ni. CERD, ilé ìwádìí nípa agbára tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní ẹ̀rọ Pelletron 1.7 MV tó ń mú àwọn átọ́ọ̀mù sáré, RBS sì jẹ́ iṣẹ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe: a ń ju helium lu fíìmù, a sì ń fi èyí tó ta padà ka átọ́ọ̀mù inú rẹ̀. Bàbà wúwo ju ohun tó wà nínú gíláàsì lásán lọ, nítorí náà orí rẹ̀ á dá dúró gedegbe. Fíìmù 100 nm, bí ẹ bá mú 1.6 g/cm³ fún ìwúwo rẹ̀, ní nǹkan bíi 1.7 × 10¹⁶ átọ́ọ̀mù bàbà lórí cm² kan. Kíka bàbà yìí kò bìkítà bóyá mólékù dúró tàbí ó dùbúlẹ̀, α tàbí β. Bí ẹ bá ka fíìmù tí ẹ kò yan àti èyí tí ẹ yan, tí iye bàbà wọn bá dọ́gba, kò sí ẹni tó lè sọ pé ó fò lọ. Ẹ kàn ṣe UV-Vis kí ẹ tó gbé e lọ, torí ìtànṣán helium á ba mólékù jẹ́ níbi tó bá ti gbà á.

Nínú UV-Vis fúnra rẹ̀, ẹ wo ibi tí CuPc kò ti yẹ kó gba ìmọ́lẹ̀ rárá, bíi 900 nm. Bí fíìmù tí ẹ yan bá ṣì ga níbẹ̀, kírísítà ti tóbi, ó sì ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Ẹ má pè é ní gbígbà. Ẹ wọn ohun tó tàn padà, R, pẹ̀lú ohun tó kọjá, T, kí ẹ sì ṣírò ln[(1 − R)/T] kí ẹ tó pín in pẹ̀lú ìnípọn.

Ní ti dída fíìmù: ìwọ̀n eruku CuPc tí fíìmù 100 nm ń fẹ́, bí gíláàsì bá wà ní 15 cm sókè ọkọ̀ ìyọ́ (àwo kékeré tí a ti ń mú eruku náà gbóná), jẹ́ bíi 11 mg, ẹ kó 30 sí 50 mg sí i, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń lọ síbi tí a rán an. Ẹ fi í sílẹ̀ ní 200 sí 250 °C fún ìṣẹ́jú 15 kí omi inú rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá sáré gbé ooru sókè, ṣe ló máa ń ta pàrà, èérún á lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ jẹ́ kó máa bà ní nǹkan bíi 0.1 nm ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nínú fákúọ̀mù tó tó 10⁻⁵ mbar ó kéré tán. Lásìkò òjò, gíláàsì tí ẹ fọ̀ tí ẹ gbé sórí tábìlì á ti gba omi afẹ́fẹ́ kí ẹ tó dé ìdí ẹ̀rọ: ẹ fi í sínú ààrò 120 °C fún ìdajì wákàtí, ẹ sì gbé e wọlé nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Iná ńkọ́? Bí wọ́n bá mú iná lọ lágbedeméjì, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti fáàfù tó wà láàárín pọ́ǹpù àti yàrá fákúọ̀mù, kí òróró pọ́ǹpù má baà padà wọlé. Ẹ má ṣí i sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ìyọ́ ṣì gbóná. Bí iná bá dé, ẹ má máa dà á lọ láti 40 nm tó dúró sí. Ojú fíìmù ti gba omi àti òróró, ohun tó bá bà lé e kò ní hù bíi ti ìsàlẹ̀, ẹ ó sì ní fíìmù méjì nínú ẹyọ kan. Ẹ kó o sọnù.

Ìwọ̀n ooru tó hàn lójú ẹ̀rọ kì í ṣe ti ojú gíláàsì. Nínú fákúọ̀mù, gíláàsì tó kàn jókòó sórí irin gbígbóná lè tutù ju irin náà lọ gan-an, torí ibi kéékèèké ni wọ́n ti fara kanra. Ẹ so thermocouple, ìyẹn wáyà tó ń wọn ooru, mọ́ ojú gíláàsì fúnra rẹ̀. Ẹ yan fíìmù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní 150, 200, 250 àti 300 °C nínú náítírójìn. Fíìmù kan náà tí ẹ ń yan lẹ́ẹ̀mẹ́rin kò lè sọ fún yín ibi tó ti yí padà. Bí ẹ bá rí góńgó mẹ́rin tó rọ́ lura wọn ní 250, ẹ má bẹ̀rù, α àti β ló wà papọ̀ níbẹ̀.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, pé báwo ni nǹkan kan ṣe ń ní àwọ̀ mẹ́ta: òwò ńlá ni. Búlúù tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ń lò bíi cyan, Pigment Blue 15:3, CuPc β ni. 15:1, tó fẹ́ pupa díẹ̀, α ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà tó ń ṣiṣẹ́ ní Lagere ní Ifẹ̀ níbí, titanyl phthalocyanine ló wà lórí ìlù wọn, ìyẹn ohun roboto inú ẹ̀rọ tí lésà ń ya àwòrán sí lára. Wọ́n yan irú kírísítà rẹ̀ tó na ọwọ́ dé ìmọ́lẹ̀ lésà 780 nm, èyí tí mólékù rẹ̀ nínú oògùn olómi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà. Àwọn àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní perylene ń lọ láti pupa dé dúdú nítorí bí wọ́n ṣe yẹ̀ lórí ara wọn. Aró ẹlú pàápàá, pupa ni èéfín rẹ̀, búlúù ni lórí aṣọ. Àmọ́ ẹ má gbé gbogbo búlúù sórí ìtòpọ̀ o: ti àwọn ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì àtijọ́ ti Igbó Olókùn ní Ifẹ̀, cobalt ló ṣe é, kò sí òpó mólékù kankan níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan ṣì kù. Ẹ má wá fluorescence, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí mólékù fúnra rẹ̀ ń tàn lẹ́yìn tó bá gba ìmọ́lẹ̀, lára CuPc láti fi mọ H tàbí J; bàbà inú rẹ̀ ń pa á kú. Zinc phthalocyanine ni kí ẹ lò fún ìyẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ da ìpele mìíràn lé fíìmù α lórí lọ́jọ́ iwájú, ẹ yẹra fún toluene àti xylene. Wọ́n máa ń sọ α di β láìsí iná rárá, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọ̀dà fi ń fi chlorine díẹ̀ sí α kó lè dúró. Bí ẹ bá rí 645 àti 720 lára fíìmù tí kò dé ìdí ààrò rí, ẹ lọ wo ìgò tí ẹ fi fọ̀ ọ́.